Ìwé Tí Nọ́ọ̀sì Fà Síwájú

"Ta ló fún ọ láṣẹ? Mo ní ta ló fún ọ láṣẹ?"

Ohùn Lọ́yà bú jáde nínú fóònù, ó gba gbogbo yàrá kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń sinmi. Nọ́ọ̀sì sáré dín in kù, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan gbọ́, ó wá gbé fóònù náà sétí. Tíì tó pò ti ń tutù níwájú rẹ̀, kò tíì fẹnu kàn án.

"A dìbò," Lọ́yà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nínú fóìsì tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìwé kíkà wọn. "Gbogbo wa la dìbò. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mo mú wá ló wọlé fún oṣù tó ń bọ̀. Ìwé ńlá yẹn, a sún un sí ìparí ọdún, nígbà tí kálukú bá gba ìsinmi. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo bá ètò tuntun. Búlọ́ọ̀kù ti fò wá síwájú, ìwé tèmi ti di èrò ẹ̀yìn. Kò sí 'ẹ jọ̀ọ́', kò sí 'ẹ wá gbọ́'. Nọ́ọ̀sì, ṣé ogún bàbá rẹ ni gúrúùpù yìí?"

Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe ìwé náà, torí ó nípọn débi pé èèyàn lè fi dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má tì í. Awakọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Awakọ̀ ń wà, ibi tó bá ti ń dúró kí wọ́n já ẹrù ló ti ń kàwé, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ti fi tirẹ̀ tẹ̀ lé ti Lọ́yà: "Nọ́ọ̀sì wa, ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gún wa lábẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi òwú nu ibẹ̀ ná."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n fi ètò gúrúùpù náà sí níkàáwọ́. Kálukú á dábàá ìwé, wọ́n á dìbò, Nọ́ọ̀sì á wá pín èyí tó bá wọlé sí orí-orí, á sọ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà dé kó tó di ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo wọn máa ń pàdé lórí fóònù láti jíròrò. Ó máa ń wo ti ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ó máa ń wo ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, kì í di ẹrù tó ju orí ẹnikẹ́ni lọ. Kò tíì sí ẹni tó rojọ́ rẹ̀ rí, àfi lónìí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì: "Ẹ má bínú, mo ní ìdí tí mo fi..." Ó dúró. Ó pa á rẹ́. Ìdí náà wà lọ́fun rẹ̀ bí eegun ẹja, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ín.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá Tíṣà wá sí ilé ìwòsàn ojú níbi tí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Màmá Tíṣà yìí ni ìyá Lọ́yà. Òun ló dá gúrúùpù ìwé náà sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nọ́ọ̀sì ló kán oògùn sí i lójú, òun ló dì í lọ́wọ́ mú wọlé tọ dókítà lọ, òun náà ló dúró ti ògiri nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ẹyinjú méjèèjì ti ń bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ lè fà á sẹ́yìn, kò lè dá a dúró. Màmá á ṣì máa rí ògiri, á máa rí ilẹ̀kùn, á máa rí i pé ẹnì kan ń bọ̀. Àárín ibi téèyàn bá tẹjú mọ́ gan-an ni yóò máa ṣú.

"Lẹ́tà inú ìwé ńkọ́?" Màmá Tíṣà béèrè.

Dókítà wo Nọ́ọ̀sì kó tó dáhùn. "Màmá, ohun tí ẹ bá fẹ́ kà, ẹ tètè kà á."

Orí bẹ́ǹṣì ìta ni arúgbó náà ti di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì mú. Kò sunkún. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ṣe.

"Búlọ́ọ̀kù yẹn. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọ̀rẹ́ mi kan fi yá mi. Mo kà á dé ìdajì, ó gba ìwé rẹ̀. Títí dòní ni mo ṣì ń ro ibi tí obìnrin inú rẹ̀ gbà lọ nígbà tó jáde nílé ọkọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, Mà."

"Èmi nìkan? Ìwé àdákà dà bí oúnjẹ àdájẹ. Ikùn lè kún, ẹnu ò ní dùn. Àti pé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, 'Ẹ káàárọ̀, Mà, ṣé ẹ ti jẹun?' nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi. Inú gúrúùpù yẹn ló ti ń bá mi jiyàn, ibẹ̀ ló ti ń bá mi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ká jọ kà á."

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn nígbà náà."

"Rárá o!" Ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ ti Nọ́ọ̀sì. "Tó bá gbọ́, á kó mi lọ sílé rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Á ti ilé mi pa. Á sọ mí di ẹrù tí wọ́n ń gbé láti yàrá dé yàrá. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ sáà bá mi fa ìwé yẹn síwájú."

Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ti dí i lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ níwájú dókítà, ibẹ̀ ló ń fi í sí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn bo àṣírí, ọ̀tọ̀ ni kó máa jìyà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Lọ́yà bínú sí i ní gúrúùpù, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Lọ́yà pè é ní tààràtà.

"Àǹtí, ẹ kúùrọ̀lẹ́."

"Má tíì kí mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé màmá mi ló ní kí o ṣe é?"

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì dúró. "Àǹtí, èmi ni mo yí ètò padà. Èmi ni kẹ́ ẹ bú."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ilé ẹjọ́ ni mo ti ń jẹun, mo mọ ẹni tó ń fi ìdáhùn sá fún ìbéèrè. Màmá ti ń dárúkọ ìwé yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Tí wọ́n bá wá ń kánjú rẹ̀, kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Èmi ọmọ tí wọ́n bí rèé. Àbí ìwọ lo wá di ọmọ tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ̀?"

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ìbínú yẹn, ó sì dùn ún ju èébú lọ. Tó bá la ẹnu báyìí, ìjà ti parí. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó dáa," ni Lọ́yà wí. "Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú gbogbo wa, wàá sọ ìdí rẹ. Tí o ò bá rí i sọ, a máa gba ètò lọ́wọ́ ẹ." Ó gé fóònù.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì, tó jókòó sórí àga tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, gbójú sókè. "Ìyá Ìbejì, ìwé lásán mà ni. Dá a padà síbi tó wà, kó o lè rójú jẹun."

"Tó bá jẹ́ ìwé lásán ni, mi ò bá ti dá a padà."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìyàwó rẹ̀. "Áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ," ló kàn sọ.

Nígbà tó di Sátidé, Nọ́ọ̀sì lọ bá Màmá Tíṣà nílé. Arúgbó náà ti wọ́ tábìlì rẹ̀ lọ sẹ́bàá fèrèsé. Búlọ́ọ̀kù là kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà tó ń kà. Ó dìde láti bu omi fún àlejò. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá, ó ń ṣàn lórí tábìlì, Màmá ò sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì fa ìwé náà sẹ́yìn, ó fi aṣọ nu ibẹ̀ gbẹ.

"Mà, ẹ tú mi sílẹ̀," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ fẹnu ara yín sọ fún Àǹtí. Ọ̀la ni wọ́n máa gbé mi dúró bí olè."

"Ìwọ náà fẹ́ sọ ọ́?"

"Mi ò lè sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́, ojú wo ni màá tún fi wo aláìsàn? Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́."

Màmá Tíṣà yí sí fèrèsé. "Gbogbo ọmọ àdúgbò yìí, èmi ni mo kọ́ wọn ní A, B, D. Àwọn kan nínú wọn wà nínú gúrúùpù yẹn. Kí n wá dìde láàárín wọn, kí n ní mi ò rí A mọ́?"

Nọ́ọ̀sì gbé ife náà kúrò létí tábìlì.

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi," ni ìyá náà rọra sọ. Ó jọ pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Mo mọ̀, Mà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sílé, ẹrù náà wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, gúrúùpù kún. Àwọn tí kì í sábà yọjú pàápàá yọjú, torí ìjà dùn ún wò. Lọ́yà to ẹjọ́ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n tò: ìbò báyìí, ètò báyìí, ìwà àfojúdi báyìí. "Nọ́ọ̀sì, à ń gbọ́ ẹ o."

Nọ́ọ̀sì sún fóònù mọ́ ẹnu. "Mo ṣẹ̀ yín. Ó yẹ kí n bi yín kí n tó yí ètò padà. Mo ní ìdí, kì í sì í ṣe ìdí burúkú, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ètò lọ́wọ́ mi, ẹ gbà á."

Awakọ̀ wúkọ́. "Èmi ò mọ ohun tó wà ńbẹ̀," ó ní, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣùgbọ́n obìnrin yìí kì í ṣe aláfojúdi."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yí nǹkan kan padà. Wọ́n dìbò, wọ́n dá ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ padà sípò rẹ̀. Lọ́yà wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ti borí tó wá fẹ́ tún ilé ṣe. Ìyá rẹ̀ ló máa ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fún wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá mú ìwé tuntun. "Màmá, ẹ bá wa ṣí i. Mo ti ya ojú ìwé náà ránṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì sáré dá sí i. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kà á."

"Wọn ò pè ọ́."

Ohùn Màmá Tíṣà wọlé, ó mọ́ gaara bíi ti kíláàsì. "Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n... tí wọ́n rí..." Ó dúró. "Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n rí... àpótí... rárá. Tí wọ́n rí..."

"Màmá, nẹ́tíwọ̀kì yín ò dáa. Ẹ sún mọ́ fèrèsé."

"Ẹ̀bá fèrèsé ni mo wà."

Nọ́ọ̀sì di etí tábìlì mú.

"Nẹ́tíwọ̀kì kọ́, ọmọ mi," ni Màmá Tíṣà wí. "Ojú mi ni. Àárín ọ̀rọ̀ ti ń ṣú mọ́ mi lójú. Mo fẹ́ ka Búlọ́ọ̀kù kó tó ṣú tán, ìyẹn ni mo ṣe bẹ Nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo ní kó má sọ. Ẹ fi í sílẹ̀." Ó gbóhùn sókè. "Mo sì ń sọ ọ́ níwájú gbogbo yín, mi ò kúrò nílé mi o."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kúrò nílé yín?" Ohùn Lọ́yà ya lójijì. Wọ́n gbọ́ tí àga ró gbàgà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti kúrò lórí ìlà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pe Nọ́ọ̀sì. Imú rẹ̀ ti dí.

"Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo wà. O jẹ́ kí n bú ẹ báyẹn."

"Ẹ ti bú mi tán, Àǹtí. Ó ti tán."

"Báwo ni ojú wọn ṣe rí báyìí? Ìgbà wo ni dókítà ní ó máa ṣú tán?"

"Ẹ bi Màmá."

"Wọ́n jókòó síwájú mi níbí, wọ́n ní kí n bi ẹ́!"

Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ wá rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́ ọ."

"Wọn ò ní tẹ̀ lé mi lọ sílé mi," ni Lọ́yà wí. "Mo ti bẹ̀ wọ́n. Èmi ni màá máa wá síbí." Ó fọn imú. "Bá wa pín Búlọ́ọ̀kù yẹn. Ìwé tèmi lè dúró."

Nọ́ọ̀sì jókòó sí tábìlì oúnjẹ, ó ṣí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Kò jẹ́ kí ìpín kankan gùn jù. Nígbà tó dórí àkókò ìpàdé, ìka rẹ̀ dúró. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń pàdé láti ọjọ́ tí gúrúùpù ti wà. Ó yí i sí àárọ̀, ìgbà tí oòrùn bá ti là dáadáa, kò sì kọ ìdí kankan sí i. Ó bi wọ́n lọ́tẹ̀ yìí: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?" Ó fi ránṣẹ́, ó gbé fóònù kalẹ̀, kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn." Àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó fà á.

Lẹ́yìn náà ni Lọ́yà kọ̀wé: "Ta ló máa ṣí i fún wa?"

Nọ́ọ̀sì ò tíì fọwọ́ kan fóònù tí fóìsì fi wọlé. Màmá Tíṣà ni.

"Èmi ni. Ẹ máa ní sùúrù fún mi o."