Ọkọ̀ Tí Sìdíkátù Yà

Omi ti mu Sìdíkátù dé orúnkún nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ó ń ya ọkọ̀ lọ lórí tábìlì. Ọkọ̀ kékeré onígbòkun ni, irú èyí tí èèyàn lè gbé sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, kó so ó mọ́ ìdí mọ́tò, kó sì wọ́ ọ lọ sí etí omi tó bá wù ú láti lọ ṣeré. Bó ṣe ń fa ìlà ni ọkọ̀ náà ń jáde látinú bébà, tó ń rùn bí igi tútù.

"Ìdí mi jìn jù," ọkọ̀ wí. "Mi ò ní lè jókòó lórí kẹ̀kẹ́."

Sìdíkátù pa ìdí náà rẹ́, ó fi pátákó tó ṣeé fà sókè sí àárín. Ó ṣe òpó ìgbòkun kó ṣeé dá dùbúlẹ̀. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wọlé. Ó ti kú tipẹ́. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín ló ró. Àṣírù, ẹ̀gbọ́n Sìdíkátù, tẹ̀ lé e. Bàbá fọwọ́ pa ọkọ̀ lára, ló bá dì mọ́ Àṣírù.

"Ọmọ mi, o ṣe é! Iṣẹ́ ọkọ̀ ò ní parun nílé wa."

Àṣírù kò ní òun kọ́. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Bàbá, èmi ni mo yà á o."

"Mo gbọ́. Lọ bu omi wá fún wa."

Omi pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó yí Sìdíkátù lẹ́sẹ̀ ká, kò sì bó o.

Ògiri di títì. Ọkọ̀ ti wà lórí kẹ̀kẹ́, kò sí mọ́tò. Èjìká Sìdíkátù ni okùn wà. Bàbá àti Àṣírù jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Bó ṣe ń fà á ni wọ́n ń wúwo sí i. Àwọn èrò ẹ̀bá títì ń kí Àṣírù kú iṣẹ́.

"Fà á jẹ́jẹ́," Bàbá wí. "Má jẹ̀ẹ́ kó ha ilẹ̀."

Sìdíkátù ju okùn nù. Ó gun ọkọ̀, ó gbé bàbá tó bí i sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀dà títì bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Kò kúnlẹ̀. "Ẹ dárúkọ mi!" Bàbá lanu, lékèélékèé kan yọrí lẹ́nu rẹ̀, ẹyẹ náà sì padà sínú. Sìdíkátù kọjú sí Àṣírù: "Ìwọ, báwo ni wọ́n ṣe ń fa pátákó àárín rẹ̀ sókè?" Àṣírù wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Sìdíkátù," ọkọ̀ wí.

Sìdíkátù ta ìgbòkun. Atẹ́gùn kún un lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ń pariwo "Ọmọ mi! Ọmọ mi!" Sìdíkátù kò wẹ̀yìn. Níwájú, ẹnì kan ti ká títì náà bí ẹní, ó fi í ti ara igi, omi ló sì kù níbẹ̀.