Igò Àwọ̀ Ewé

Ní aago méje òwúrọ̀ ni iná pupa kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa tàn, ó ń kéde pé àpótí abẹ́ rẹ̀ ti kún. Brenda aya mi rí i, ó sì wo ojú mi. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a ti ń fi ọkọ̀ fa kárafánì, ilé kékeré onítáyà wa, káàkiri ilẹ̀ yìí, òun ni ó ń se oúnjẹ, èmi ni mo ń da ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ ń ṣe ní pápá tí a ń gbé kárafánì sí. Ọkùnrin tí ó bá jẹ́ kí aya rẹ̀ gbé àpótí yẹn kọjá níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà.

Mo wọ súwẹ́tà àwọ̀ ewé tí ó hun fún mi ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, mo ṣí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí ó wà lára kárafánì, mo sì fa àpótí oníke náà jáde. Kásẹ́ẹ̀tì ni àwa ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orin kankan nínú rẹ̀ tí ènìyàn fẹ́ gbọ́. Mo ki igò oògùn tí ń pa òórùn ìgbọ̀nsẹ̀ bọ inú àpò aṣọ, mo gbé e kọ́ èjìká, mo sì ń wọ́ ẹrù mi lọ lórí koríko oko Nerys Pugh, àgbẹ̀ tí ó gbà wá sí pápá rẹ̀. Àwọn àgùntàn gbé orí sókè, wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì padà sí ìjẹ wọn.

Kárafánì márùn-ún péré ni Nerys ń gbà. Kì í ṣe ìgbéraga. Sókàwéè ilé rẹ̀ ni gbogbo wa ń da ìdọ̀tí sí, kòtò kékeré kan tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi òkúta mọ. Nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni òṣìṣẹ́: wọn a jẹ ìdọ̀tí, wọn a sọ ọ́ di omi, omi náà a sì gba àárín koríko gíga kọjá lọ sínú odò. Oògùn búlúù a máa pa òórùn, ṣùgbọ́n a máa pa àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ́ ọn. Oògùn àwọ̀ ewé nìkan ni ó ń dá wọn sí. Ìdí nìyẹn tí pátákó ẹnu géètì fi kígbe pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, ní èdè Welsh àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé: ÀWỌ̀ EWÉ NÌKAN. Èmi gan-an ni mo tún pátákó náà kọ.

Bèsín funfun tí a ń da nǹkan sí wà lẹ́yìn ògiri òkúta. Mo yí ọrùn kásẹ́ẹ̀tì síta, mo fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì afẹ́fẹ́ kí ó má baà tú sí mi lára, mo sì dà á, díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo, bí ìgbà tí ènìyàn ń da wáìnì. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ń wọn oògùn tuntun sínú ìdérí igò ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Kirsty ni, ọmọbìnrin tí òun àti Ryan ọkọ rẹ̀ háyà kárafánì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Àná ni mo kọ́ ọ bí a ti ń da kásẹ́ẹ̀tì àti irú oògùn tí a ń lò. Kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ryan kò lè fara da òórùn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ ti ń parí?"

"Mo ti fẹ́ parí. Ìdérí kan ààbọ̀ ni, má gbàgbé. Ẹni tó bá dà á jù, òun náà ń ṣòfò."

Díẹ̀ nínú oògùn ta sí etí bèsín. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i tí ó ń wo ìdérí tí ó wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kí ni àwọ̀ èyí?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ewé ni. Ṣé o ti gbàgbé ẹ̀kọ́ àná ni?"

Mo da oògùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo dí i, mo ti igò bọ inú àpò, mo sì yà fún un. N kò tíì rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ nígbà tí ohùn Barrie bú jáde lẹ́yìn mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Barrie, aládùúgbò wa ní pápá, kí ó tó fẹ̀yìn tì, títí di òní ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń pe èrò tí ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn.

"Há! Mo ti mú ọ! Ẹ wá wo nǹkan o! Búlúù! Búlúù rèé lára bèsín!"

Mo padà. Kirsty dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèsín, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì ṣí rárá.

"Èmi kọ́," ni ó wí. "Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó débí."

"Ta ló wà níbí ṣáájú rẹ? Ọ̀gá Tíṣà nìkan! Àbí Ọ̀gá Tíṣà lo fẹ́ sọ pé ó da búlúù? Ẹni tó kọ pátákó! Ọmọ yìí, o láyà o."

Kirsty yí ojú sí mi. N kò lè gbàgbé ojú yẹn. Kò bẹ̀ mí, kò sì fẹ̀sùn kàn mí. Ó kàn ń dúró.

"Bèsín mọ́ nígbà tí mo kúrò níbẹ̀," ni mo wí. "Àwọ̀ ewé ni mo ń lò."

Bí mo ṣe jẹ́rìí nìyẹn, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ṣe olórí ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni a wà nígbà tí Nerys dé láti ìsàlẹ̀ oko, bàtà òjò rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ dé orúnkún. Òórùn kan tẹ̀ lé e wá. Gbogbo oko ní Wales ni ó ń rùn fún ìgbẹ́ màlúù, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Òórùn kòtò tí ó ti kú ni.

"Ìdọ̀tí ti ń ṣàn lọ sínú odò," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Àwọn tó ń sin ẹja nísàlẹ̀ ti fi ẹjọ́ mi sùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ odò ń bọ̀ ní ọ̀sán òní. Tí n kò bá lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kí n sì sọ pé mo ti dá a dúró, á ti pápá yìí pa. Ta ni?"

Barrie kò jẹ́ kí ó mí. Ó na ìka sí bèsín, ó na ìka sí Kirsty. Kirsty sáré lọ gbé igò rẹ̀ wá, àwọ̀ ewé ni lójú gbogbo wa.

"Èèyàn lè ní igò méjì," ni Barrie wí. "Ọ̀kan fún ojú ayé, ọ̀kan fún ìgbọ̀nsẹ̀."

"Ẹ wò mí o, sà, ẹ má purọ́ mọ́ mi!"

Nerys wo èmi, ó wo ọmọbìnrin náà. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó ti mọ̀ mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó mọ Kirsty.

"Ẹ kó ẹrù yín," ni ó wí fún un. "Kí aago méjìlá tó lù, kí ẹ ti kúrò."

Mo wọ́ kásẹ́ẹ̀tì mi padà. Mo ti ń gbé e bọ ihò rẹ̀ nígbà tí ìbéèrè yẹn padà wá gún mi: Bàbá, kí ni àwọ̀ èyí? Ọmọ tí ó ń da búlúù ní ìkọ̀kọ̀ kì í béèrè irú rẹ̀.

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú igò jáde. Igò àwọ̀ ewé ni lójú mi. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko tí mo ń wò lójú fèrèsé: wọ́n jọra. Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Mo gbé e sókè sí ojú ọ̀run tí kò ní ìkuukùu: wọ́n tún jọra. Koríko àti ojú ọ̀run kò lè jẹ́ àwọ̀ kan náà. Mo wá awò tí ó ń mú lẹ́tà tóbi, mo sì gbé e lé orí ìwé ara igò náà. Ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe méjèèjì, igò kan náà ni wọ́n ń dà wọ́n sí. Àwọ̀ nìkan ni èmi fi mú un ní ilé ìtajà. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, kékeré, lábẹ́ orúkọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Búlúù ni.

Láti ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti da ikú sínú kòtò Nerys.

Ìwé ìpè méjì láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú wà lábẹ́ aṣọ nínú dúróò mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí dókítà yóò wí. Bí kùrukùru tí ó wà lójú mi bá di ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé, ìwé ìwakọ̀ mi á lọ. Brenda kò kọ́ ọkọ̀ rí. Kárafánì tí kò sí ẹni tí yóò fà á, àhéré ni. Nígbà tí a ń bọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ògiri afárá kan. Mo ní oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Oòrùn kò sí lọ́jọ́ náà.

Lójú fèrèsé, mo rí Ryan tí ó ń tú àgọ́ iwájú kárafánì wọn palẹ̀, ó ń fi ìbínú fa okùn. Kirsty jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Barrie dúró ní òkèèrè pẹ̀lú ife tíì, ó ń ṣọ́ wọn bí ọlọ́pàá.

Kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà lábẹ́ ibùsùn jìn. Kò sí ẹni tí yóò wò ó. Bí a bá dé ilé, mo lè sọ igò náà nù, kí n ra òmíràn, kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ìwé rẹ̀ fún mi. Mo ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mo ti kúnlẹ̀.

"Omi gbígbóná wà, bí o bá fẹ́ fọwọ́," ni Brenda wí lẹ́yìn mi.

Kò béèrè ohun tí mo ń wá lábẹ́ ibùsùn. Àìbéèrè yẹn ni ó gbé mi dìde.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi ògiri òkúta. Nerys ń fi páìpù ṣan bèsín. Mo gbé igò náà lé orí ògiri níwájú rẹ̀. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò mi, mo sì gbé e tì í, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀, èmi yóò fi èkejì sá lọ.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé," ni mo wí. "Èmi ni. Ojú mi kò mọ búlúù yàtọ̀ sí ewé mọ́. Ọmọ yẹn kò ṣe nǹkan kan."

Nerys wo igò, ó wò mí. Páìpù ń ṣàn sí orí bàtà rẹ̀, kò mọ̀.

"Desmond," ni ó wí. "Desmond, ìwọ lo kọ pátákó mi."

"Èmi ni."

"Pápá bàbá ọkọ mi!" Ó pa omi. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó yọ fóònù, ó pe tánkà tí ń fa sókàwéè, ó sì ní kí wọ́n wá kíákíá. Kò dárí jì mí. Iṣẹ́ ni ó mú ṣe.

Barrie ti dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí èrò kankan pè. Mo rìn kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ bá Kirsty.

"Mo jẹ́rìí èké mọ́ ọ. Má bínú."

"Tí ẹ kò bá wá ńkọ́?" ni Ryan bú mọ́ mi. "A ò bá ti wà lójú títì, kí wọ́n máa pè wá ní òpùrọ́!"

"Ryan, ó tó." Kirsty nu ojú. "Bàbá, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìgbà tí ẹ dá mi lóhùn ni mo mọ̀ pé ẹ ò rí i."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ níwájú wọn?"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òfin náà."

Nígbà tí mo yíjú padà, Brenda dúró níbi ògiri, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Barrie á bá wa fa kárafánì délé," ni ó wí. "Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó di dandan kí òun máa kọrin lọ́nà."

"O kò béèrè ìdí tí mo fi kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Ó fà mí ní etí aṣọ. "Desmond, súwẹ́tà yìí. Láti oṣù Kejìlá lo ti ń pè é ní àwọ̀ ewé. Búlúù ni mo hun."

"O sì dákẹ́?"

"Mo ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo dúró jù. Èmi náà jẹ Nerys ní gbèsè ẹ̀bẹ̀."

Géètì dún lókè oko. Nerys gbọ́, ó nu ọwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò, ó sì wò mí.

"Ó ti dé. Ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni," ni mo wí.

Mo gbé igò náà, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀, ti Barrie àti òmíràn, àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lójú mi.

"Èwo ni ti ẹni tó ń ṣọ́ odò?" ni mo bi Brenda.

"Àwọ̀ ewé," ni ó wí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì mú mi lọ síbẹ̀.