Àpótí Màmá Lau

Màmá Lau, arúgbó ará China tí Mọ́wùnmí tọ́jú títí wọ́n fi kú nílé àwọn àgbà ní Plumstead nílùú Òyìnbó, ló fi àpótí ìjókòó náà sílẹ̀ fún un. Igi líle ni, ó dúdú, ó ń dán, ọwọ́ ìyá ìyá wọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Màmá máa ń sọ pé nílé àwọn, ọmọdé ló ń jókòó sórí àpótí, àgbà ló ni àga. Inú Mọ́wùnmí dùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó nìyẹn.

Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wá sí Thamesmead láti dúró de ìkúnlẹ̀ rẹ̀, inú àga fóòmù ńlá ló fi Mummy sí. Òun, tòun ti oyún, a jókòó sórí àpótí. Ó kù kẹ́ni kan wá sọ pé ìyàwó yìí ò mọ àgbà!

Oṣù kan ò tíì pé tí Mummy fi ń bá Akínbọ́lá, ọmọ wọn, sọ̀rọ̀ àtipadà sílé. Wọ́n ní òtútù ni. Mọ́wùnmí ò gbà. Ó rò pé òun ló ṣẹ̀ wọ́n, ẹ̀rù sì bà á. Oyún àkọ́kọ́ rèé, kò ní ìyá mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Orí àpótí ló bá Mummy ní kíṣìnì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀! Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

Mummy gbé ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ ti orúnkún, wọ́n dìde fúnra wọn.

"Ṣó o rí i? Tí mo bá wọ inú àga yẹn, àfi kí wọ́n fà mí jáde. Ẹ̀yin á sì ti lọ síbi work. Thursday tó kọjá, ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti bọ́ lára mi. Mo ti fọ cover ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé."

"Ẹ ò sọ fún mi, Mummy?"

"Ọ̀wọ̀ lò ń fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Iṣẹ́ Mọ́wùnmí ni kó máa gbé arúgbó dìde láràárọ̀. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òun kó gbogbo tirẹ̀ síta. Ojú tì í, ó bú sẹ́kún. Mummy fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Akínbọ́lá wọlé. "Mummy, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ti Saturday wà o."

Mummy wò ó tìyanutìyanu. "Ìyàwó ẹ fẹ́ bímọ, o ní kí n máa lọ sílé. Akínbọ́lá, ṣé orí ẹ pé báyìí?"