Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Ládélé

Títí Ládélé fi jáde láyé, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé yẹn ni ilé rẹ̀ kejì. Ó ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó kan ibùsùn pákó sí i, ó sì gbé sítóòfù kékeré sí igun kan. Bí ó bá kó ìwé orin àti ìwé ọmọ iléèwé lọ tà ní Arigidi tàbí Àjọwá, inú rẹ̀ náà ni í sùn. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí ọkọ̀ náà ti dúró sábẹ́ igi ọsàn nílé wọn ní Ìkàrẹ́, páànù ilé sì ti ń jò. Sẹ̀gilọlá, opó rẹ̀ tí ó ti jẹ́ tíṣà rí, fẹ́ ta ọkọ̀ náà kí ó lè pààrọ̀ páànù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lọ tí owó kò wọlé, kò sí òmíràn tí yóò tà.

Limota, aládùúgbò rẹ̀, ni ó mú oníbàárà wá láti Ọ̀kà ní ọjọ́ Ẹtì. Gàníyù ni orúkọ rẹ̀, aṣọ òkìrìkà ni ó ń tà láti ọjà dé ọjà. Ó wọ inú ọkọ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹni tó kan ibùsùn yìí mọ̀ pé ẹsẹ̀ a máa ro ọlọ́jà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sẹ̀gilọlá lára. Wọ́n fẹnu kò sí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Gàníyù tẹ fóònù rẹ̀, ó sì nà án sí i.

"Ẹ wò ó, owó ti lọ. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, Màmá. Ọ̀la ni ọjà wa."

Sẹ̀gilọlá gbé awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo fóònù tirẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ọmọ mi. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi."

"Nẹ́tíwọ̀kì ni! Yóò dé kí n tó dé Ọ̀kà."

"Bí ó bá dé, kọ́kọ́rọ́ yóò tẹ̀ lé e."

Limota pàtẹ́wọ́. "Hàà, Tíṣà! Ẹ fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè lójú mi? Èmi tí mo mú un wá ńkọ́?"

"N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Bí Ládélé ṣe ń tajà ni mo ń tà. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń rà á o, ọba ni o, ọwọ́ òsì Ládélé kì í fi ìwé sílẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀tún tó gba owó."

Ojú Gàníyù le. Ojú ti Sẹ̀gilọlá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì gba ilé ìdáná lọ.

"Àlejò kì í fi ebi kúrò nílé mi. Ẹ jókòó."

Ó gún iyán. Nígbà tí Gàníyù yóò fi bu òkèlè kẹta, ìbínú rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, kí a pàdé ní báńkì mi," ni Sẹ̀gilọlá wí. Gàníyù gun ọ̀kadà lọ.

Ní Sátidé, fóònù dákẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ìjọ ti ń kọrin, ọwọ́ Sẹ̀gilọlá wà lórí kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí òun àti Limota dé báńkì ní ọjọ́ Ajé, Gàníyù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó.

"Màmá, owó náà kò dé ibì kankan! Àárọ̀ yìí ni wọ́n dá a padà sínú àkáǹtì mi. Ká ní mo ti gbé ọkọ̀ lọ, ta ni ì bá gbà mí gbọ́?"

"Kì í ṣe èmi," ni Limota dáhùn, "èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ pariwo olè." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Gàníyù san owó náà níwájú akọ̀wé báńkì. Sẹ̀gilọlá dúró títí akọ̀wé náà fi wo àkáǹtì rẹ̀, tí ó sì wí pé, "Ó ti wọlé, Màmá." Ìgbà náà ni wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí ọjà méjì, Limota fọwọ́ sí wọn bí ẹlẹ́rìí, Sẹ̀gilọlá sì tú etí ìró rẹ̀.

Nílé, kí Gàníyù tó wa ọkọ̀ lọ, Sẹ̀gilọlá gbé ìrọ̀rí Ládélé kúrò lórí ibùsùn. Ó gbá a mọ́ra díẹ̀, ó sì dá a padà.

"Máa fi sùn. Ọ̀nà ọjà jìn."

Nígbà tí ọkọ̀ yà sí ọ̀nà Ọ̀kà, Sẹ̀gilọlá gbá ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ igi ọsàn mọ́. Lẹ́yìn náà, ó pe káfíńtà.

"Ẹ máa bọ̀ lọ́la. Owó páànù ti wà."