Ìjókòó Iwájú

“Alága, omi ò ní ìyẹ́ o. Níbo ló ń fò gbà lọ?”

Mẹkáníìkì ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ló kù níta. Omi tó rọ kún inú rẹdiétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tún dàwátì. Ó ti pààrọ̀ ìdérí, ó ti pààrọ̀ àwọn họ́ọ̀sì, ó ti yẹ páńpù wò. Wọ́n tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ di ọjọ́ kejì, páálí gbẹ táútáú. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì mọ́, kò pò mọ́ omi. Síbẹ̀, bí bàbá bá ti wa ọkọ̀ jìnnà díẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bàbá tó ń pè ní Alága kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó sọ ọ́ di alága kò ju pé, nígbàkígbà tí mẹkáníìkì bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yìn ni bàbá máa ń jókòó sí, á káwọ́ lé itan, á máa wo ìta bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìpàdé. Iwájú á ṣófo sílẹ̀. Mẹkáníìkì kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni. Nígbà tó yá, ó fi ṣẹ̀fẹ̀, orúkọ sì mọ́ bàbá lórí.

Kì í ṣe ìgbéraga rárá. Ìyàwó bàbá ló ni ìjókòó iwájú. Nígbà tó wà láyé, àna ì báà wá, ẹ̀yìn ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ pàápàá, pẹ̀lú ewú orí, ẹ̀yìn ni. “Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síwájú, kó lọ fẹ́ awakọ̀ tiẹ̀,” ni ìyá máa ń wí, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Á wá fẹ̀yìn tì síbẹ̀, á máa wò. Bàbá á ní, “Kí lò ń wò?” Ìyá á ní, “Ọ̀nà ni.” Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, kò sí ìdí ẹnikẹ́ni tó kan ìjókòó yẹn mọ́.

“Ṣé ẹ kì í gbọ́ òórùn àjèjì kankan nínú ọkọ̀?” mẹkáníìkì tún bèèrè, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

“Àjèjì? Rárá o.”

“Gíláàsì iwájú ńkọ́? Kì í bò?”

“Kì í bò.”

Irọ́ ni bàbá pa. Àrùn tí a bá fi pamọ́ kì í gbóògùn, bàbá sì ti dàgbà tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń rò fún mẹkáníìkì. Láàárọ̀, bó bá ti ṣí ọkọ̀, òórùn dídùn kan á rọra kí i, òórùn bíi ti pọ́ńdà tí ìyàwó ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọrùn lẹ́yìn tó bá wẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá gbóná díẹ̀, gíláàsì á bò ní apá ibi tí ìyá máa ń jókòó sí, bí ẹni pé ẹnì kan ń mí sí i. Apá ọ̀dọ̀ awakọ̀ nìkan ni bàbá máa ń nù. Kò ya wèrè, ó mọ̀ pé òkú kì í mí. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó lè fẹsẹ̀ rìn lọ rà, ọkọ̀ ló fi ń lọ rà á, á sì gba ọ̀nà tó jìn. Ohun tó sì dá a lójú ni pé ohunkóhun tí èèyàn bá sọ fún mẹkáníìkì, títún ni yóò tún un ṣe.

Kí la fẹ́ kó ṣe? Nígbà ìsìnkú, ilé kún fọ́fọ́, àwọn èèyàn ń jà du àga. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n kó àga lọ tán, ẹsẹ̀ dá. Ó ku bàbá, ó ku rédíò, ó ku ife méjì tó so rọ̀ síbi ìfọwọ́ tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni omi ń kán lára ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé náà pọ̀ débi pé, bí ó bá wúkọ́, ó máa ń ya òun fúnra ẹ̀ lẹ́nu.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, kò yéé pè é lórí fóònù. “Bàbá mi, ẹ̀yin àti ọkọ̀ yẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dá yín dúró sójú títì. Bó bá wá dá yín dúró níbi tí kò sí ẹni tó máa rí yín ńkọ́?”

“Mẹkáníìkì ń wò ó.”

“Ó ti ń wò ó látọjọ́ yìí, ṣé sinimá ni? Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ ti ṣèlérí fún mi. Bí wọn ò bá rí ibi tó ti ń jò kó tó dọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.”

Lóòótọ́, bàbá ti ṣèlérí. Ọmọ tó ń sunkún lórí fóònù, kí lèèyàn fẹ́ sọ fún un? Sátidé wá ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi ò sì yéé lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Aránṣọ òdìkejì títì ni, ó dúró lórí ọ̀pá méjì, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wà nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì í nílé ìwòsàn. Orí àkàbà ló ti já lulẹ̀ níbi tó ti ń so kọ́tìnì oníbàárà ẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ má bínú o. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé mi lọ síwájú dókítà ò wá mọ́, wọ́n sì ní n ò gbọdọ̀ pẹ́.”

“Kò sí wàhálà. Jẹ́ kí n mú kọ́kọ́rọ́.”

Bàbá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ fún un bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Aránṣọ wo inú ọkọ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yìn ò lè gbà mí. Ẹsẹ̀ yìí ò ṣeé ká.”

Ọwọ́ bàbá wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ojú ẹ̀ wà lára ti iwájú. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èrò ibi kan tilẹ̀ sọ sí i lọ́kàn pé kó ní ọkọ̀ ò dára, kí obìnrin náà wá ẹlòmíì lọ.

“Mo mọ ẹni tó ni àyè yẹn,” aránṣọ wí jẹ́jẹ́. “Bí màmá bá rí mi níbẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ fẹ́ awakọ̀ tèmi.”

Ẹ̀rín gba bàbá lẹ́nu kó tó mọ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ sétí ẹ̀ láìṣe pé wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí ti iwájú, ó sì bá a gbé ẹsẹ̀ olówó iyebíye náà wọlé.

Wọn ò tíì jìnnà tí gíláàsì bò. Aránṣọ na ọwọ́, ó fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

“Fi sílẹ̀!” Bàbá jágbe mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù ba òun fúnra ẹ̀. “Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ má bínú, sà.”

Ó ṣe díẹ̀, obìnrin náà fa imú. “Kí ló ń ta sánsán báyìí, bàbá?”

“Pọ́ńdà ìyàwó mi ni.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ọmọ tó bí, aránṣọ ló wá sọ ọ́ fún. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mirí, ó kọjú síta, wọ́n sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Nígbà tí bàbá fẹ́ bá a gbé ẹsẹ̀ jáde, gìgísẹ̀ símẹ́ńtì náà ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Àwọ̀ ewé kan ti fà mọ́ ọn lára, omi ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Aránṣọ fi ìka kàn án, ó gbé ìka náà sí imú. Ó wo bàbá. Àánú bàbá ṣe é, ó sì hàn lójú ẹ̀.

“Bàbá,” ó wí, “pọ́ńdà kì í tutù.”

Bàbá dúró ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà títí nọ́ọ̀sì fi wá gbé aránṣọ wọlé, tó ń bínú pé ta ló gbẹ́sẹ̀ sómi, ṣé wọn ò kìlọ̀ fún un ni. Aránṣọ ní òun lòun ò ṣọ́ra.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ẹsẹ̀ náà dì, tí bàbá ti gbé e délé, ó kọjá lọ tààrà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. “Wo ilẹ̀ iwájú,” ló sọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì ká kápẹ́ẹ̀tì. Omi ru sókè lábẹ́ ẹ̀, ó tutù, ó ń dán. Ó pariwo, ó lu ọwọ́ pọ̀. “Háà! Ibi tí olè sá pamọ́ sí rèé! Rẹdiétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ibí yìí, òun ló máa ń mú inú ọkọ̀ móoru nígbà òtútù. Òun ló là. Inú ọkọ̀ ló ń jò sí, báwo ni páálí ṣe máa tutù? Ká ní ẹnì kan ń jókòó síbí ni, ọjọ́ kìíní la ò bá ti...”

Ó gé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ó ti rí sálúbàtà obìnrin kan lábẹ́ ìjókòó, ó ti mumi yó, ó ti wú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá.

“Ẹ̀bi tèmi náà ni,” ó wí lóhùn jẹ́jẹ́. “Èmi ni mò ń wà á kiri, tí mò ń gbé yín sẹ́yìn bí alága.”

“Mo purọ́ fún ọ. Gíláàsì ń bò. Òórùn sì wà níbẹ̀.”

Mẹkáníìkì ò bá a wí. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì omi aláwọ̀ ewé tó ń rọ sínú rẹdiétọ̀, ó sún un mọ́ ọn. Bàbá tẹ orí sí i. Òórùn náà gan-an ni. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, ojú ń ta á, ó di sálúbàtà mú mọ́ àyà. Gbogbo òwúrọ̀ tó ti ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, omi ẹ́ńjìnnì ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Bí o bá tún un ṣe,” ó bèèrè nígbà tó gbójú sókè, “òórùn yìí á lọ?”

“Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ti gbẹ, á lọ pátápátá. Gíláàsì náà ò ní bò mọ́.” Mẹkáníìkì dé kẹ́ẹ̀gì náà padà. “Bí ẹ bá fẹ́ ronú sí i ná, Alága...”

Bàbá wo ìjókòó náà. Àmì ara aránṣọ ṣì wà lórí ẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ ẹ́.

“Tún un ṣe.”

Ní àárọ̀ Sátidé, fóònù dún bó ṣe ń wọ bàtà. Ọmọ ẹ̀ ni. “Sọ fún ọkùnrin yẹn kó má wulẹ̀ wá,” ni bàbá sọ fún un. “A ti rí i. Mo ní ẹni tí mo fẹ́ máa gbé lọ síwájú dókítà títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi san, ibi tó sì fẹ́ jókòó sí ti gbẹ.” Ọmọ náà bèèrè pé ta ni. Bàbá ní kó wá wò ó fúnra ẹ̀, ṣé kò mọ̀nà ilé ni?

Mẹkáníìkì ti gbé ọkọ̀ síta dè é. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀, ó tẹrí ba. “Alága, ẹ wọlé.”

Bàbá ti ilẹ̀kùn náà padà. Ó ṣí ti iwájú, ó rọra jókòó, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Kò sí òórùn kankan àfi ti ọṣẹ tí wọ́n fi fọ kápẹ́ẹ̀tì. Gíláàsì mọ́ kedere níwájú ẹ̀, kò sí èémí ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. Ó dùn ún, ó dùn ún gan-an.

Ọkọ̀ gbéra. Òun ò jókòó síbẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀ náà. Láti ibẹ̀, òpó gíláàsì àti igi ẹ̀gbẹ́ títì ń gba ọ̀nà mọ́ èèyàn lójú, ọ̀nà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tó hàn dáadáa, tí èèyàn lè máa wò láìsí ohun tó dí i, ni ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ó wo bí mẹkáníìkì ṣe di ẹnu pọ̀ níbi kọ́nà, bó ṣe ń jẹ ètè, bí irun funfun ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ wá yé e. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, omi sì dà lójú ẹ̀.

Mẹkáníìkì yíjú wò ó. “Alága, kí lẹ ń wò?”

“Ọ̀nà ni,” bàbá wí. “Máa wà á lọ.”