Ilé Tí Wọ́n Fi Orúkọ Ìyàwó Rà

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ní ọdún tí òjò pẹ́ kó tó rọ̀, ìyàwó Ẹnu-Abẹ kú. Ó ti ṣàìsàn fún oṣù mélòó kan. Ọ̀sán ló kú, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní kóòtù tí ó ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí kan. Wọ́n sin ín. Wọn kò bímọ.

Ẹnu-Abẹ kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́. Àwọn tó ti dúró níwájú rẹ̀ rí nínú àpótí ẹlẹ́rìí ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ni, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Irú ẹjọ́ mẹ́ta péré ló ń gbà: ti àwọn oníṣòwò tí wọ́n dòwò pọ̀ tí wọ́n sì fìjà túká, ti àwọn tó ń jà lórí ilé àti ilẹ̀, àti ti àwọn ọmọ òkú. Kò fẹ́ràn ìkankan nínú wọn. Ó máa ń sọ pé oníṣòwò ń purọ́ nítorí èrè, onílẹ̀ ń purọ́ nítorí ààlà, ṣùgbọ́n ọmọ òkú á purọ́ nítorí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ó ní òun ti rí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n di aago ara ògiri mú lọ́tùn-ún lósì níwájú adájọ́, bẹ́ẹ̀ aago náà ti kú kí bàbá wọn tó kú.

Àmọ́ àwọn tí kò lè fojú rí rárá ni àwọn ọkùnrin tó ń wá sí kóòtù lẹ́yìn ikú ìyàwó wọn láti wí pé, "Orúkọ rẹ̀ lásán la lò." Oníṣòwò pákó kan wí bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ọmọ fẹ́ gba sọ́ọ̀bù tó wà lórúkọ ìyá wọn, bàbá ní tòun ni. Àwọn ọmọ ló gba Ẹnu-Abẹ ní lọ́yà. Ó dìde sí bàbá náà.

"Bàbá, nígbà tí ìyàwó yín wà láàyè, ta ló ń ṣí sọ́ọ̀bù láàárọ̀?"

"Òun ni."

"Ta ló ń tì í lálẹ́?"

"Òun náà ni."

"Nígbà tó bá pè é ní sọ́ọ̀bù òun, kí lẹ máa ń sọ fún un?"

Oníṣòwò pákó wolẹ̀. "N kì í sọ nǹkan kan."

"Ẹ wá dúró kó kú kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Ẹ kú sùúrù, bàbá."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ gbé sọ́ọ̀bù fún àwọn ọmọ. Ó sì kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ohun tí ọkọ bá fi sílẹ̀ lórúkọ ìyàwó, tí kò sì bá a jiyàn lé e lórí nígbà tó wà láyé, ti ìyàwó ni. Láti ọjọ́ náà ni àwọn lọ́yà káàkiri ti ń tọ́ka sí ẹjọ́ oníṣòwò pákó.

Ilé tí Ẹnu-Abẹ fúnra rẹ̀ ń gbé, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló wà. Kì í ṣe pé ó fi ọgbọ́n kankan ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹjọ́ kan dá a dúró, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé owó lọ kó bá òun fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ẹni tó ń ta ilé rí obìnrin tó gbé owó wá, ó kọ orúkọ obìnrin. Nígbà tí Ẹnu-Abẹ rí i, ó ní, "Ìwé yìí máa gba àtúnṣe," ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan bá ṣe irú rẹ̀ fún oníbàárà, ńṣe ni ì bá lé e lọ lọ́jọ́ náà. Òní ni, ọ̀la ni, títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó rẹ̀ sì ń pe ilé náà ní ilé mi. "N ó kun ilé mi tọ́dún yìí." "Ẹ má fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé mi." Ọkọ rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń wo eré ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n ka ìwé ìhágún obìnrin náà, ilé di ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Mo-Ń-Bọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, nítorí pé ibi yòówù kó wà, ohun tó ń sọ lórí fóònù nìyẹn. Ó ti ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún, kò sì sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó ń ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n ka ìwé ìhágún tó fi mú káfíńtà kan wá. Kò kanlẹ̀kùn. Káfíńtà na téèpù láti ìdí fèrèsé títí dé ibi tí Ẹnu-Abẹ jókòó sí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ká ẹsẹ̀ yẹn kò díẹ̀," ni Mo-Ń-Bọ̀ wí.

Ẹnu-Abẹ kò ká ẹsẹ̀ kankan kò.

Mo-Ń-Bọ̀ kọjú sí káfíńtà. "Ògiri yìí ńkọ́? Ṣé ó ṣeé wó?"

"Ó ṣeé wó," ni Ẹnu-Abẹ wí. "Orí rẹ náà ṣeé wó."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣebí ẹ ní ilé yín ni."

"Ilé mi ni. Bọ̀ọ̀dá kàn ń bá mi ṣọ́ ọ ni."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹnu-Abẹ lọ bá Kékeré. Kékeré ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ikùn rẹ̀ ti yọ, ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n Ẹnu-Abẹ kò mọ orúkọ mìíràn tó lè pè é. Kékeré ka ìwé ilé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, owó yín ni wọ́n fi rà á, ìwé báńkì sì wà. Ohun kan ló dí wa lọ́nà. Ẹjọ́ oníṣòwò pákó."

"Mo mọ ẹjọ́ náà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yin lẹ ṣe é." Kékeré fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. "Ṣùgbọ́n a lè ya tiyín sọ́tọ̀. Obìnrin tọ̀hún ń ṣiṣẹ́ ní sọ́ọ̀bù. Ní tiyín, a máa sọ pé Mọ́mì kàn bá yín fọwọ́ síwèé ni. Pé wọn ò fìgbà kan rò ó pé tàwọn ni."

"Ìwọ mọ ohun tó rò?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ máa búra sí i."

Ẹnu-Abẹ wò ó bí ó ṣe máa ń wo àwọn tó ń jà sí aago. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ọkùnrin yìí ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó rántí káfíńtà àti téèpù rẹ̀.

"Kọ ọ́," ni ó wí.

Ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ búra sí ìwé ìbúra náà pé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù kún fún irú àwọn ènìyàn tí ó ti kórìíra láti ọjọ́ pípẹ́: àwọn ọmọ ìyá kan tó jókòó kẹ́yìn síra wọn, àti àwọn opó tó gbá fáìlì mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Òun náà wá àyè jókòó láàárín wọn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Mo-Ń-Bọ̀, tó ti gbọ́ nípa ìbúra náà tó sì wá wò ó, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bá mi bínú. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n fún mi."

"Mo mọ̀. Ọgbọ́n rẹ kò lè débẹ̀."

"Mo tiẹ̀ bi wọ́n lórí ibùsùn àìsàn. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà jẹ́ tàwọn." Ó gbọn èérún kúrò láyà. "Mo ní, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Wọ́n ní táwọn bá fi fún ọkọ àwọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí aláìsàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀."

Ẹnu-Abẹ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ń wo ògiri ọ̀kánkán.

"Ẹ ò wá ní jẹ bisikíìtì ni?"

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Obìnrin akọ̀wé tó ń gba ìbúra wà lẹ́yìn tábìlì, ó ń ka ìwé náà sókè bí ẹni tí ebi ń pa. Pé owó olùpẹ̀jọ́ nìkan ni wọ́n fi ra ilé náà. Pé olóògbé kò fìgbà kan jẹ́ onílé. Pé orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n lò, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀?"

Kékeré ti na bírò sí i.

"Irọ́ ni," ni Ẹnu-Abẹ wí.

"Ọ̀gá, kí lẹ wí?"

"Mo ní irọ́ ni. Ilé rẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀, sà. Ìwé báńkì ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

"Mo mọ ẹni tó sanwó. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ."

Akọ̀wé ti gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, tó bá jẹ́ irọ́, n ò lè lu òǹtẹ̀ sí i o. Ẹni tó kàn."

Nígbà tí wọ́n jáde, Mo-Ń-Bọ̀ ń wo ojú Kékeré, ó ń wo ojú Ẹnu-Abẹ.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé mo ti borí ni?"

"O ò borí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló borí. Ìwọ kàn jókòó síbí tí ò ń jẹ bisikíìtì."

Mo-Ń-Bọ̀ ronú sí i díẹ̀, kò sì yé e. "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ọjọ́ Sátidé."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ẹnu-Abẹ kó lọ sí yàrá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ló kó, àti ìwé òfin rẹ̀, àti wíìgì rẹ̀ nínú páálí. Àwọn ohun tó fi sílẹ̀ nínú ilé ìyàwó rẹ̀ nìwọ̀nyí:

àga méjì ní pálọ̀, èyí tó wà lápá fèrèsé ti jìn sísàlẹ̀;
agolo ọ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tí obìnrin náà rà fún ilé ìdáná;
àpótí lẹ́tà lẹ́nu géètì, orúkọ obìnrin ló wà lára rẹ̀;
ẹ̀rọ ìránṣọ, pẹ̀lú òwú dúdú nínú rẹ̀;
ìgò oògùn tó kù ju ìdajì lọ;
awò ojú tí apá rẹ̀ kan ti yọ;
ẹ̀wù òjò lẹ́yìn ilẹ̀kùn;
bàtà ilé lábẹ́ ibùsùn, ẹsẹ̀ kan dojú bolẹ̀.