Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lọ́ńdọ́nù Ni

…Màmá ò tíì dìde. Mo ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún lábẹ́ wọn ní pálọ̀. Mo ń rí wọn láti àlàfo ilẹ̀kùn mi, wọ́n ń gbé fóònù yẹn sókè, wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń kọjú ẹ̀ sí fèrèsé, bí ẹni pé tí wọ́n bá ṣáà gbé e ga tó, ẹ̀gbọ́n wọn á tún yọjú. Ìsìnkú ti parí. Gbogbo èrò á ti kúrò níbi sàréè báyìí. Ó yẹ kí n jáde lọ bá Màmá. Kí n jókòó tì wọ́n, kí n ní — kí ni mo fẹ́ ní?

Íápíìsì mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn Ishaq, olórí ẹgbẹ́ géèmù wa, ṣì ń jáde nínú ẹ̀, tín-ín-rín. "Olúbùnmi, o ṣe é! A ti wọlé! Kò dúró lẹ́ẹ̀kan péré lónìí!" Kò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni. Géèmù tó ti sọ mí di ẹlẹ́yà láti ọdún tó kọjá, tí màá tẹ ìbọn tí kò ní dún, tí wọ́n á ti pa mí kí n tó rí ẹni tó yọ sí mi… lónìí mo tẹ̀ ẹ́, ó dún. Mo ní kó yà, ó yà. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn. Kí ló wá dé tí mo yọ íápíìsì létí?

Mo dín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù ni, ti gbogbo ilé. Ohun tí mo ṣe ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ráútà, àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé, ló wà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é: orúkọ gbogbo fóònù tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé á tò sílẹ̀, wàá sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kùnà nínú ìdíje yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, Dámiláre àbúrò mi ń wo bọ́ọ̀lù. Lẹ́ẹ̀kejì, òun náà ni, fíìmù. Mo fa wáyà láti ara ráútà wá sára kọ̀ǹpútà, kò tó. Mo gbé ráútà kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí òkè Mápó, ó dáa díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan ṣáà ti máa wo fídíò nínú ilé yìí, tèmi á máa rákò. Ishaq sì ti sọ ọ́ — "Mi ò bá ẹ jà o, Bùnmi. Àmọ́ tó bá tún dúró lórí wa, ẹlòmíì la máa mú." Ẹlòmíì. Ọdún kẹta rèé tí mo ti kúrò níléèwé, nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa… ẹlòmíì.

Mo bá dín in kù. Ti gbogbo ilé.

Mo gbàgbé pé aago mọ́kànlá tí ìdíje wa bẹ̀rẹ̀ náà ni ìsìnkú Àǹtí Bertha, ẹ̀gbọ́n Màmá.

Mo gbàgbé. Èèyàn máa ń gbàgbé.

Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Màmá fi ń sọ ọ́. Àǹtí Bertha ló tọ́ wọn dàgbà ní Oníyanrìn lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun ló ń dirun fún wọn, òun ló mú wọn lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Físà Màmá ò jáde. Yéwándé, ọmọ Àǹtí Bertha, ní ìjọ àwọn ní Lọ́ńdọ́nù máa fi ìsìnkú náà hàn lórí fóònù, àmọ́ wọn ò ní tọ́jú ẹ̀ — ẹni tó bá rí i lásìkò náà ló rí i. Láàárọ̀ yìí, Màmá wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ àdúrà wọn funfun, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ara wọn bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí wọn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ bu omi mu. Mo tiẹ̀ ní, "Màmá, aṣọ yín mọ́ o."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. "Bùnmi, jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Wòlíì lanu nínú fóònù, kò pa á dé mọ́." Mi ò yíjú. Ọ̀tá méjì ló kù níwájú mi. Mo ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lọ́ńdọ́nù ni. Ó máa tó dáa." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Má bínú, mo dí ẹ lọ́wọ́."

Má bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá orin sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láàárín ìró ìbọn… orin tí wọ́n fi ń gbé òkú sọ̀ kalẹ̀, Màmá ń dá a kọ, wọ́n á dúró, wọ́n á tún padà sí ẹsẹ àkọ́kọ́. Wọn ò mọ ibi táwọn tó wà lọ́hùn-ún bá a dé. Wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ti bo ilẹ̀.

Yéwándé sì pè lẹ́ẹ̀kan. Màmá fi fóònù sí gbangba. "Ṣé ẹ rí i, Màámi? Ṣé ẹ rí bí òdòdó yẹn ṣe pọ̀ tó?" Màmá ní, "Mo rí i. Mo rí gbogbo ẹ̀. Ó dáa gan-an. Ẹ kú ìnáwó." Màmá, tí kì í parọ́…

Dámiláre ló fà á. Tí kì í bá ṣe pé ó máa ń — ṣé ó tiẹ̀ wà nílé? Kò sí nílé. Aago mẹ́sàn-án ló ti lọ sí Bẹẹrẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, "Àǹtí Bùnmi, mo ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi o, kẹ́ ẹ má lọ sọ pé èmi ni." Aago mẹ́sàn-án.

Ta ni mo wá ń dín tiẹ̀ kù?

Mo ṣí ráútà lórí kọ̀ǹpútà. Kí n ṣáà dá a padà. Orúkọ kan ló wà níbẹ̀: Fóònù Màmá. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tá a ra fóònù náà. Mo dá a padà, ó kún, kò sì sí ìsìnkú tó máa gbé mọ́.

Aago mọ́kànlá àbọ̀, nígbà tá a sinmi díẹ̀, tí géèmù fẹ́ máa fà, mo ti kọ́kọ́ ṣí ibí yìí. Orúkọ kan náà ló wà níbẹ̀. Orin ń dún ní pálọ̀. Mo ka orúkọ náà — bẹ́ẹ̀ ni, mo kà á — mo sì tún fà á wálẹ̀ sí i.

Mi ò gbàgbé nǹkan kan.

Ti gbogbo ilé, mo ní. Màmá nìkan ni gbogbo ilé.